Ta ló ti kó ẹbí lọ sí ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa àti ìyá mi tí ó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà nínú ìsinmi ọdún tí ń bọ̀. A ti dé New York àti Orlando rí, a sì ti rí ohun tí gbogbo àlejò máa ń rí níbẹ̀. Ibi tí a ń wá báyìí ni ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń gbé, ìlú tí títì ńlá rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tí àwọn ènìyàn ti mọ orúkọ ara wọn, tí kì í ṣe pé wọ́n tò ó kalẹ̀ de àlejò. Èwo ni kí a lọ, ìgbà wo ni ó dára jù, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe sí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ ni kí ó dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Chicago

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Illinois ni à ń gbé, nítorí náà ìhà ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa ni a máa ń kó àwọn ọmọ lọ, títí a ó fi sọdá odò Mississippi sí Hannibal, ní Missouri. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú O'Hare, tí ẹ sì yá ọkọ̀, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Route 66 ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ọ̀nà márosẹ̀ tuntun. Ní 1926 ni wọ́n fún ọ̀nà náà ní nọ́ḿbà rẹ̀, láti Chicago títí dé Los Angeles ní California. Ní 1985 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọ̀nà àpapọ̀, nítorí àwọn ọ̀nà ńlá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìlú tí ọ̀nà yẹn ń bọ́ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀: Pontiac tí àwòrán ńláńlá kún ara ògiri rẹ̀, Atlanta (ti Illinois ni mo ń wí o, tí èrò ibẹ̀ kò pé 2,000), àti Lincoln, tí wọ́n fi Abraham Lincoln sọ ní 1853 nígbà tí ó ṣì ń ṣe lọ́yà, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rò ó pé yóò di ààrẹ. Omi wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù ni Lincoln fúnra rẹ̀ fi ṣe ìsọmọlórúkọ ìlú náà. Àwọn ìbejì mi bi mí léèrè pé kí ló dé tí kò lo oyin àti iyọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni pé kí ẹ má ṣe to ìlú mẹ́fà jọ kí ẹ wá máa sáré kọjá láàrin wọn. Ẹni tí ó bá dúró fún wákàtí kan ní ìlú kékeré, ilé epo, báńkì, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti àká àgbàdo gíga lẹ́bàá ojú irin ni yóò rí, yóò sì padà wá sọ fún wa pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ mú ìlú kan, kí ẹ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bọ́ sí àsìkò tí àwọn ará ìlú ń ṣe ohun kan fún ara wọn.

Ọjọ́ òmìnira wọn, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ni àwa fi lọ sí Hannibal. Ìlú náà ni Mark Twain òǹkọ̀wé ti dàgbà. Ní 1839 ni àwọn òbí rẹ̀ kó o wá síbẹ̀. Kí n má parọ́, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ibẹ̀ fi ń jẹun, ẹni tí kò bá sì fẹ́ràn irú ọjà bẹ́ẹ̀ lè bínú kúrò lọ́jọ́ kìíní. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ ọjọ́ òmìnira yẹn, àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n ń bára wọn díje nínú fífi ọ̀dà funfun kun ọgbà pátákó, tí wọ́n sì ń gbé kọ̀ǹkọ̀ síta láti mọ èyí tí yóò fò jù. Kọ̀ǹkọ̀ kan kọ̀ láti fò rárá. Ọmọdé tí ó ni ín dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, gbogbo èrò sì ń bá a bẹ̀ ẹ́.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìwọ́de ayẹyẹ náà, àwọn ènìyàn ti to àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n sì lọ sùn. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọkọ mi ní bí ó bá jẹ́ Mushin ni, ẹ máa ra àga yín padà ní òwúrọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná ń kọjá, súìtì ni wọ́n ń dà sí títì, àwọn ọmọ sì ń ṣà á sínú àpò. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó tì wá rí i pé àwọn tèmi kò mú àpò lọ́wọ́. Ó da gbogbo ohun tí ó wà nínú báàgì tirẹ̀ sórí itan, ìgò oògùn, gíláàsì ojú àti ìwé owó, ó sì na báàgì náà sí wọn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti mọ orúkọ gbogbo wa, àfi pé kò tíì mọ èwo ni Táíwò, èwo ni Kẹ́hìndé.

Kí ẹ tó sọdá odò, ẹ yà sí New Philadelphia, nítòsí Barry. Pápá koríko lásán ni ẹ máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀ àti àwọn àkọlé, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ó wọ àwọn ọmọ mi lára tó o. Frank McWorter, ẹrú tí a bí ní South Carolina ní 1777, tí ìyá rẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń fi àsìkò ìsinmi rẹ̀ ṣe èròjà ẹ̀tù ìbọn tà. Owó yẹn ni ó fi ra ìyàwó rẹ̀ Lucy kúrò lóko ẹrú ní 1817, ó sì ra ara rẹ̀ ní 1819. Ní 1836 ó gé ilẹ̀ níbẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, ó dá ìlú sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó ń ta ilẹ̀ náà fún dúdú àti funfun, ó sì ń fi owó rẹ̀ ra àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó kù. Nígbà tí wọ́n la ojú irin ní 1869, wọn kò gbà á kọjá níbẹ̀, ìlú náà sì tú díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni ó di ọ̀kan lára àwọn ibi tí ilé iṣẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú.

Bàbá Fọlárìn, Des Moines

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlàyé. Nítorí pé ìyá wà nínú ìrìnàjò náà, mo fẹ́ fi Pella kún un, níbí ní Iowa. Àwọn ará Netherlands ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1847, èrò ibẹ̀ kò ju bí 10,000 lọ, oṣù Karùn-ún sì ni ọdún òdòdó túlípù wọn. Ìyá ìyàwó mi tí a mú lọ síbẹ̀ kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí òtútù, títí wọ́n fi rí àwọn ọkùnrin àti obìnrin nínú bàtà onígi àti aṣọ àtijọ́, tí wọ́n ń da omi sí títì, tí wọ́n sì ń fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́ kí ìwọ́de tó kọjá. Màmá ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí wọ́n ti wá." Láti ìgbà yẹn ni àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ ti ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn kiri.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Keje tàbí Kẹjọ ni ẹ máa wá, ẹ wá ìpàtẹ ọdọọdún ti káúńtì kan, kì í ṣe ti gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn ọmọdé 4-H, ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ ọ̀sìn, máa ń fa màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sìn fúnra wọn wá síwájú adájọ́. Ọmọ kan kọ́ ọmọ mi bí a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun màlúù, ó ní kí ó má dúró lẹ́yìn rẹ̀ tààrà. Ní ti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ máa ń ti ìlẹ̀kùn ní aago méjì ọ̀sán, òmíràn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ gba ilé tí ó ní ilé ìdáná, kí ẹ sì di ata gígún dání, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín wọn tóbi ju búrẹ́dì tí wọ́n fi gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò sí ata níbẹ̀ rárá.

Àdùkẹ́, St. Louis

Ìbéèrè yín nípa aláwọ̀ dúdú ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo rí i pé àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ní Illinois àti Missouri ni kò gbà kí oòrùn wọ̀ bá ènìyàn dúdú níbẹ̀, àwọn kan lára ìlú ojú ọ̀nà Route 66 sì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí Victor Green, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí ó ń gbé ní New York, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé atọ́nà jáde ní 1936, kí awakọ̀ dúdú lè mọ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé epo tí yóò gbà á. Ní Springfield, ìlú tí Abraham Lincoln gbé gan-an, ìkọlù tí wọ́n ṣe sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1908 wà lára ohun tí ó bí NAACP, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1909, ibi tí ìkọlù náà ti ṣẹlẹ̀ sì ti di ibi ìrántí ìjọba àpapọ̀ láti 2024. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ èyí kí ẹ tó mú wọn wọ ilé Lincoln, tí wọn kì í gba owó ìwọlé.

Ní tèmi, a wọ ilé oúnjẹ kan ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Gbogbo orí yí sí wa, agbáwo ń kọjá níwájú wa léraléra, àwọn tí ó wọlé lẹ́yìn wa sì ti ń jẹun. A dìde, a jáde. Lọ́jọ́ kan náà, níbi tí kò jìnnà sí ibẹ̀, táyà wa jò. Àgbẹ̀ kan dá katakata rẹ̀ dúró, ó bá wa pààrọ̀ rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀, ìbéèrè rẹ̀ kò ju bóyá àwọn ọmọ ti jẹun lọ. Ìṣe mi ni kí n pe onílé tí a fẹ́ sùn sí lórí fóònù, kí n sọ pé ẹbí Nàìjíríà ni wá, kí n sì gbọ́ ohùn tí yóò fi dáhùn. Ní Hannibal, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jim's Journey, tí ó ń sọ ìtàn àwọn dúdú ìlú náà.

Olóyè, Savannah

Kí a má gbàgbé ìhà gúúsù. Ní Beaufort, South Carolina, àti erékùṣù St. Helena tí ó wà nítòsí rẹ̀, àwọn Gullah, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, ṣì ń se ìrẹsì pupa tí ìyá yín yóò jẹ láìbéèrè ata. Penn Center wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ẹrú tí ó gba òmìnira ní 1862. Ọ̀yọ́túnjí, abúlé òrìṣà tí Ọba Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní 1970, wà ní Sheldon, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Ẹ ṣeun púpọ̀, kò ní tán nílé yín. Hannibal ni ìyàwó mi mú. Ọkọ̀ wíwà ló kù tí ó ń bà mí lẹ́rù.

Ìyá Ìbejì, Chicago

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro, àfi kí ẹ fojú sí nọ́ḿbà. Ní ojú ọ̀nà oko, máìlì 55 ní wákàtí kan ni wọ́n gbà láàyè, bí ẹ bá sì ti ń wọ ìlú, yóò já sí 30 lójijì. Ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́pàá máa ń dúró sí. Ẹ ti gba àwòrán ọ̀nà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Chicago, nítorí nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ láàrin oko àgbàdo. Bí awakọ̀ tí ẹ bá pàdé bá gbé ìka kan sókè lórí ìdarí ọkọ̀, ó ń kí yín ni, kí ẹ kí i padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ wa ọkọ̀ jìnnà, ọkọ̀ ojú irin Amtrak ń lọ láti Chicago sí Quincy, tí ó jẹ́ nǹkan bí 20 máìlì sí Hannibal. Ẹ tètè gba yàrá, ó kéré tán ní oṣù Kejì, nítorí kì í ṣẹ́kù ní àsìkò ọjọ́ òmìnira. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gba ESTA, ìwé àṣẹ ìwọlé wọn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí ti Nàìjíríà ni ó wà lọ́wọ́ màmá, físà ni wọn yóò nílò, ẹ kọ́kọ́ wádìí báyìí bóyá Amẹ́ríkà ṣì ń fún ọmọ Nàìjíríà ní ti ìbẹ̀wò. Ohun kan tún kù: ní Illinois, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń dán fèrè ìkìlọ̀ ìjì wò. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú, kí wọ́n má baà rò pé ogun dé.