Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà nínú ìwé àwọn Kristẹni ìgbà láéláé?

Àdùkẹ́ Òǹkàwé:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ka Májẹ̀mú Tuntun látòkè délẹ̀, àmọ́ ibi tó parí sí ni tèmi náà dúró sí. Àwọn tó dé lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù, kí ni wọ́n kọ? Mo ṣì ní Látìn díẹ̀ lọ́wọ́ láti ilé ẹ̀kọ́. Gíríìkì ni mi ò gbọ́ rárá, nítorí náà ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má darí mi sí ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣàlàyé wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fúnra wọn ni mo ń wá.

Ọmọ Alárè:
Ìjẹ́wọ́ (Confessions) tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ní Àríwá Áfíríkà, fi sọ ìtàn ayé ara rẹ̀. Ẹ má wá òmíràn.

Bàbá Látìn:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má tíì gbé Augustine o. Apá mẹ́tàlá ni ìwé yẹn ní, nǹkan bí 397 sí 400 ló kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ti ṣẹlẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà kí wọ́n tó bí i. Ẹ lọ wá àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àwọn ará Scilli ná, àwọn Kristẹni láti ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà yẹn. Kò gùn rárá, ẹ máa kà á tán lórí ìjókòó kan.

July 17, ọdún 180, ní Carthage, lẹ́bàá ibi tí Tunis wà lónìí: gómìnà Róòmù tó ń jẹ́ Saturninus dájọ́ ikú fún wọn, ọkùnrin méje àti obìnrin márùn-ún. Ó ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi orí ọba búra kí ọ̀rọ̀ tán. Speratus, agbẹnusọ wọn, ní òun ò jalè rí, bí òun bá sì ra ọjà, òun ń san owó òde rẹ̀. Gómìnà bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ àyè láti rò ó. Speratus ní ọ̀ràn tó tọ́ tó báyìí ò gba ríró lẹ́ẹ̀mejì. Gómìnà ní, kí ló wà nínú àpótí yín yẹn? Speratus ní ìwé ni, àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, olódodo ènìyàn. Gómìnà tún ní kí wọ́n gba ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Speratus ní, "Kristẹni ni mí." Wọ́n bẹ́ gbogbo wọn lórí.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń kọ̀wé ló rí. Nínú ìwé Kristẹni ní èdè Látìn tó ní ọjọ́ lórí, òun ló pẹ́ jù tó wà lọ́wọ́ wa. Láàárín sẹ́ńtúrì yẹn, ní Róòmù gan-an, Gíríìkì ni àwọn Kristẹni ṣì fi ń kọ̀wé.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́:
Mo kín Bàbá Látìn lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ka ìyẹn tán, Perpetua ló kàn. Carthage kan náà ni wọ́n ti pa á torí pé Kristẹni ni, March 7, ọdún 203. Ọmọ bí ọdún méjìlélógún, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tójú rẹ̀ rí lẹ́wọ̀n. Ìwé tí obìnrin kọ láyé ìgbà yẹn tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa ò pọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ òun àti bàbá rẹ̀ ló pa mí lẹ́kún. Ó nawọ́ sí ìkòkò kan nílẹ̀, ó ní ṣé èèyàn lè fi orúkọ mìíràn pè é? Bàbá ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ò lè pe ara òun ní nǹkan mìíràn ju Kristẹni lọ. Nígbà tó yá, bàbá wólẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó ń fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó wo ewú orí òun.

Àlá rẹ̀ ńkọ́? Àkàsọ̀ bàbà tó ga kan ọ̀run, idà àti ìkọ́ lọ́tùn-ún lósì, dírágónì nísàlẹ̀. Orí dírágónì yẹn ló kọ́kọ́ tẹ̀ gòkè. Bàbá olùṣọ́-àgùntàn kan ń fún wàrà lókè, ó bu wàràkàṣì fún un. Nígbà tó jí, nǹkan dídùn kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń jẹ. Felicity, ẹrú tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n, inú ẹ̀wọ̀n ló bímọ sí kí wọ́n tó kó wọn lọ bá ẹranko.

Ọmọ Alárè:
Ṣé ẹ mọ̀ pé Augustine wàásù lọ́jọ́ ìrántí Perpetua? Ìwàásù yẹn ṣì wà. Ẹ ò lè sá fún un! Ẹ ṣáà ka apá kìíní Ìjẹ́wọ́: ọmọ kékeré ní Thagaste, ní Àlùjíríà òde òní, tó ń gbàdúrà pé kí tíṣà má na òun, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ń fi ẹgba tó jẹ rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ràn Gíríìkì nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin méjèèjì á gbọ́ra yín yé. Bẹ́ ẹ bá dé ikú Monica ìyá rẹ̀ ní Ostia, apá kẹsàn-án, ẹ mú áńkáṣífù dání.

Wòlíì Kò Gbowó:
Gbogbo yín ti wọkọ̀ lọ Carthage, ẹ gbàgbé Gíríìkì. Didache ńkọ́? Ìwé pẹlẹbẹ ni. Philotheos Bryennios, àlùfáà ìjọ Gíríìkì, ló rí i nínú ìwé àfọwọ́kọ kan ní Constantinople ní 1873, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1883. Ìlànà ìjọ ló wà níbẹ̀: bí a ṣe ń ṣèrìbọmi, pé kí ẹ máa gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti Ẹtì.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Àpọ́sítélì tó bá dé bá yín, ọjọ́ kan ni kó lò. Bó bá di dandan, méjì. Bó bá lo mẹ́ta, wòlíì èké ni. Oúnjẹ ọ̀nà nìkan ni kẹ́ ẹ dì fún un. Bó bá béèrè owó, èké ni. Èyí tó wà nínú ẹ̀mí tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, tó wá jẹ nínú rẹ̀, èké lòun náà. Ẹ fi orí kọkànlá yẹn sórí WhatsApp ìjọ yín kẹ́ ẹ wò ó.

Bàbá Látìn:
Wòlíì, ẹ ò ní dá wàhálà sílẹ̀ níbí o 😂

Ṣọlá Ìwé:
Ẹ fi lẹ́tà méje Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, kún un, tó kọ nígbà tí sójà ń mú un lọ Róòmù láti lọ kú, àti ikú Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà (ní Tọ́kì òde òní), àgbà tó ní ọdún 86 lòun ti fi sin Kristi, kò sì ṣe òun níbi rí. Origen, ọ̀mọ̀wé Alẹkisáńdíríà tó fi Gíríìkì kọ̀wé, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín á fi ranlẹ̀. Ẹnu Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage, ta bí ata, àmọ́ Látìn rẹ̀ le. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ka Apologeticum, ìwé tó fi gbèjà àwọn Kristẹni, tó kọ ní 197. Ó ní bí odò Tiber ní Róòmù bá kún jù, bí Náílì ò bá kún tó, kíá àwọn ará ìlú á ní, "Ẹ kó àwọn Kristẹni fún kìnnìún!" Ó wá bi wọ́n pé: gbogbo èrò yìí fún kìnnìún kan ṣoṣo?

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn: Christian Classics Ethereal Library lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni, ẹ máa ṣe sùúrù. Bówó bá wà, àkójọ tí Herbert Musurillo ṣe, tí Oxford tẹ̀ ní 1972, ní Scilli, Perpetua àti Polycarp pa pọ̀, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní òdìkejì.

Àdùkẹ́ Òǹkàwé:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti ka ti Scilli tán báyìí. Ọ̀rọ̀ Donata yẹn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin márùn-ún, pé ọ̀wọ̀ ni ti Késárì gẹ́gẹ́ bíi Késárì, ìbẹ̀rù ni ti Ọlọ́run! Ó kan Perpetua. Ṣé Látìn mi á gbé e?

Bàbá Látìn:
Á gbé e. Ẹ kàn fo orí kìíní àti ìkejì, ẹni tó kó ìwé náà jọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ sì lọ́jú pọ̀. Láti ìkẹta dé ìkẹwàá ni Perpetua fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kúkúrú kúkúrú. Bẹ́ ẹ bá há níbì kankan, ẹ gbé e wá síbí.