Àyà mi máa ń já tí mọ́tò bá ti gun Third Mainland, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Admin, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, gosiló mú wa lórí Third Mainland, a ò lọ síwájú a ò lọ sẹ́yìn, àárín èèyàn méjì ni mo jókòó sí nínú dánfó, ṣàdédé ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, òógùn bò mí, ìka mi ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀, èémí ò já geere mọ́, mo ṣáà ń sọ pé ibi tí mo máa kú sí rèé. Mo pariwo pé kí kọ̀ndọ́ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀, ó ní "Madam, ṣé inú ọ̀sà lẹ fẹ́ bọ́ sí ni?" Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

Mo lọ sọ́sípítù, wọ́n wo BP, wọ́n wo ọkàn, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Ó ti tún ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹrin! Mo wá ń jí ní aago mẹ́rin kí n lè gba Eko Bridge, àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí Eko Bridge náà tún bẹ̀rẹ̀. Màámi ní ayé ló ń bá mi jà.

Baba Ṣọlá: Lọ ra oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀ ní kẹ́míìsì, kó o máa lo ẹyọ kan kó o tó jáde.

Nọ́ọ̀sì Inú Ilé: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa ìyẹn rẹ́. Oògùn yẹn máa ń di bárakú, dókítà ló ń kọ ọ́ fúnni. Àǹtí, panic attack ló jọ. Ṣẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ajá bá lé èèyàn? Àyà á máa lù, òógùn á bò ó, ẹsẹ̀ á fẹ́ sá. Ohun tí ara yín ń ṣe náà nìyẹn, àmọ́ kò sájá níbẹ̀. Ó máa ń le dé góńgó láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í pààyàn. Mímí tẹ́ ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ ló ń fa ti èèrà inú ìka yẹn. Ẹ fi imú fa èémí, ẹ kà á dé mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá rọra tú u síta bí ẹni ń fẹ́ tíì gbóná, ẹ kà á dé mẹ́fà. Ẹ máa ṣe é nílé kẹ́ ẹ tó dé orí bíríìjì o. Sísá fún ojú ọ̀nà yẹn ló sì ń bà á jẹ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti yẹra ni ẹ̀rù ń gba ilẹ̀ sí i, ẹ̀ ẹ̀ rí i pó ti dé Eko Bridge. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sunday tí ọ̀nà bá ṣófo, kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín. Ṣẹ́ ẹ̀ ń mu kọfí?

Ẹni tó béèrè: Energy drink ni o, agolo méjì lójúmọ́, torí aago mẹ́rin tí mò ń jí.

Nọ́ọ̀sì Inú Ilé: Háà! Ẹ dá a dúró. Òun náà ń mú àyà sáré.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, ó ṣe èmi náà rí. Pure water tó ti dì gbagidi ni mo máa ń dì mú, màá wá máa ka nǹkan márùn-ún tí mò ń rí: ọkọ̀ ojú omi apẹja, ilé orí omi Mákòko, èéfín ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Lẹ́yìn náà mẹ́rin tí mo lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tí mò ń gbọ́, méjì tí mò ń gbóòórùn, ọ̀kan tí mò ń tọ́ lẹ́nu. Kí n tó kà á tán a ti dé Adéníjì. Àdúrà tí màámi ń gbà, ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n tó bá ń le sí i, lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá tàbí Àrò l'Ábẹ́òkúta, kò dìgbà téèyàn bá já sọ́jà. Látọdún 1954 tí Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti wà ní Àrò ni wọ́n ti ń tọ́jú oríṣiríṣi èèyàn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé mà. Ọkọ mi ní òun máa wà mí gorí ẹ̀ ní Sunday. Màá ra pure water náà.

Ìyá Ìbejì: Ra méjì, ọkọ rẹ náà á fẹ́ mu.