Ta ló lè kọ́ àwọn ìbejì mi ní orin olóhùn méjì?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Tanke níbí ni à ń gbé. Àwọn ìbejì mi obìnrin fẹ́ràn orin Lijadu Sisters púpọ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé tó gbé àwo Danger jáde ní 1976. Ohùn àwọn yẹn wọnú ara wọn bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ló ń kọrin, ó wù mí dọ́kàn! Ṣùgbọ́n tí àwọn tèmi bá dé ibi tí orin ti ròkè, ohùn Kẹ́hìndé á bo ti Táíwò mọ́lẹ̀, Táíwò á wá dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ta ló mọ olùkọ́ orin tó lè bá wa tún un ṣe, kódà kó jẹ́ ní Ọ̀fà? Èló ló ń gbà?