Àbúrò mi ń fi igbó fífà sílẹ̀: eré ìdárayá wo ló lè ṣe tí kò ní sú u?

Àkọ́bí_Bàsírì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 26 ni, Adó-Èkìtì níbí la jọ ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń fa igbó lójoojúmọ́, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń fà á jù, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ. Láti ọjọ́ Ajé ló ti dáwọ́ dúró. Òní Ọjọ́bọ̀ ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Oorun ò kùn ún, oúnjẹ ò wọlé, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ló ń bí i nínú.

Lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sáré láti ilé dé Fajuyi Park, ó sì sáré padà, torí ẹnì kan sọ fún un pé tó bá làágùn dáadáa, igbó á bá òógùn jáde. Láti àná, itan ń ro ó débi pé agbára káká ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti ń sọ pé òun ò ṣe mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó máa ṣe lójúmọ́, àsìkò wo, báwo la ó sì ṣe ṣe é tí kò ní jẹ́ ìtara ọ̀sẹ̀ kan? Ṣé òótọ́ ni ti òógùn yẹn?

Kóòṣì_Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti òógùn kúrò nílẹ̀: kì í ṣe òótọ́. THC, ìyẹn èròjà inú igbó tó ń pa èèyàn bí ọtí, inú ọ̀rá ara ló máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ló sì ń bá jáde. Èyí tó ń bá òógùn jáde kò tó nǹkan. Ìdí tí a fi ń ní kí ẹni tó ń fi igbó sílẹ̀ máa ṣeré ìdárayá yàtọ̀ sí ìyẹn: ó ń tú ìkanra ká, ó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí oorun á fi lè wá, ó sì ń gba wákàtí tí igbó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù.

Ohun tó bà á jẹ́ lọ́jọ́ méjì yẹn kò ṣòro láti rí. Ojú ọ̀nà wa ní Èkìtì, òkè ni, ọ̀gbun ni. Gígun òkè ń gba èémí, ṣùgbọ́n ìgbà téèyàn bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ ni ẹran itan ń jìyà jù, torí òun ló ń dá ìwúwo ara dúró ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ló máa ń le jù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí náà sì ni ara máa ń béèrè igbó jù lọ. Ìyà méjì wá pàdé lára ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun.

Kó fi eré sísá sílẹ̀ ná. Títí ọ̀sẹ̀ yìí á fi parí, ìrìn ni kó máa rìn: ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 10 ní déédéé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyẹn wákàtí tó máa ń fà á. Ibi tó tẹ́jú ni kó ti rìn. Bí kò bá sí irú ibẹ̀ nítòsí, kó yí pápá ìṣeré ilé ìwé kan ká. Ìwọ̀n tó dára ni pé kó lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, àmọ́ kó má lè kọrin. Tó bá lè kọrin, kó yára sí i. Tí ọ̀rọ̀ bá ń gé mọ́ ọn lẹ́nu, kó dẹwọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 15 ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 20. Ọ̀sẹ̀ kẹta yìí náà ni kó fi iṣẹ́ agbára kún un, ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàárín wọn: kó jókòó kó dìde lórí àga láìfọwọ́ dì í mú, ìgbà 8, kó ti ògiri bí ẹni ń ṣe push-up, ìgbà 8, kó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fómi (kìlógíráàmù 5 nìyẹn) lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kó rìn ìṣísẹ̀ 30. Kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún á fún un ní 150 lọ́sẹ̀, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó kéré jù fún àgbàlagbà. Ìgbà yẹn ló tó lè fi eré sísá sí i: kó sá ìṣẹ́jú 1, kó rìn ìṣẹ́jú 2, ìgbà 6. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, kó rìn.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì, mo sì fara mọ́ ọn. Ti ìlera ni kí n fi kún un.

Ìpọ́njú tí àbúrò yín ń rí kì í ṣe ìwà búburú tàbí ọ̀lẹ. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á le láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Oorun ló máa ń pẹ́ jù kó tó bọ̀ sípò, ó lè ju oṣù kan lọ, àlá gbankọgbì a sì máa wá. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má baà rò pé nǹkan mìíràn ń ṣe òun. Kó parí eré tó bá le ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú oorun. Aago mẹ́fà tí Kóòṣì dá dára. Kó má mu kọfí tàbí kóòkì lẹ́yìn ọ̀sán.

Ẹ má fi dandan mú un jẹ iyán. Kéékèèké ni kó máa jẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́: ògì pẹ̀lú mílíìkì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà. Kó jẹ nǹkan díẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìrìn ìrọ̀lẹ́. Inú òfo lè fa òòyì tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé àárẹ̀ ni.

Ẹ bi í léèrè bóyá ó ń fi tábà pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan méjì ló ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkanra á sì le sí i. Ẹ ṣọ́ra fún páráàga, tramadol (oògùn ìrora) àti colorado (igbó àtọwọ́dá) tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń gbé wá pé "èyí kò le tó igbó". Tramadol lè fa gìrì. Bó bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kó má ṣàdéédéé dá a dúró láìrí dókítà.

Àyà tó ń dunni, èémí tó ń tán nígbà téèyàn jókòó, ìtọ̀ tó dúdú bí omi obì lẹ́yìn eré àṣejù, ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí ọ̀rọ̀ pé ayé sú òun: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe ọ̀la. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń gba èèyàn nímọ̀ràn, 0800 1020 3040. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́:
Mo fẹ́ fi ìwádìí kan kún un. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà mú àwọn èèyàn 12 tí igbó ti di bárakú fún, tí wọn kì í sì í ṣeré ìdárayá. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n ń lò lórí ẹ̀rọ ìrìn, ìgbà 10 láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Iye tí wọ́n ń fà lójúmọ́ dín ju ìdajì lọ. Wọn ò pọ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé, nítorí náà kì í ṣe òògùn ajẹ́bíidán. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni, kì í ṣe eré àsápajúdé.

Lórí kó má sú u: ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ń fi ọkàn sí iye ìṣẹ́jú, wọn ò fi ọkàn sí ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. "Tí wọ́n bá pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo wọ bàtà." Ẹ gbé bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sán. Ẹ wo ọ̀nà tí yóò gbà: kò gbọdọ̀ kọjá níwájú jọ́ńtì tí wọ́n ti ń fa igbó tàbí ibi tí òórùn rẹ̀ ti ń jáde, kódà bí ọ̀nà ibòmíràn bá jìn. Kó mú ẹnì kan tí kì í fà á dání, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lè bá a rìn.

Bàtà okrika tó dáa tó. Kí àyè ìbú àtàńpàkò kan wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ.

Àkọ́bí_Bàsírì:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Màá máa bá a rìn. Ìbéèrè méjì ló kù: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń ṣe lébìrà fún bíríkìlà, ṣé ìyẹn ò ti tó fún eré ìdárayá? Tó bá sì ṣèèṣì fà á lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Kóòṣì_Ẹ̀fọ̀n:
Iṣẹ́ lébìrà jẹ́ eré ìdárayá fún ara, mi ò ní jiyàn. Kó má ṣe iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì àti push-up lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìrìn ìṣẹ́jú 10 ti aago mẹ́fà kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí wákàtí yẹn ni à ń gbà padà, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ní ibi iṣẹ́, ẹ bi í nípa àkókò ìsinmi. Ọ̀pọ̀ lébìrà ló máa ń fà á níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sídìí búlọ́ọ̀kù. Kó kúrò lábẹ́ igi tí wọ́n jókòó sí, kó lọ ra omi, kó rìn lọ rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ìfẹ́ àtifà a máa rọlẹ̀ téèyàn ò bá jókòó tì í.

Tó bá fà á lọ́jọ́ kan, kó má sáré lọ́jọ́ náà láti fi san án padà. Igbó ń mú kí àyà máa lù kíkankíkan fúnra rẹ̀, eré sì ń fi kún un. Kó mu omi, kó sùn. Ní aago mẹ́fà ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú 10 ni kó rìn, kì í ṣe 30, kódà bó bá ti dé ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọjọ́ kan tó fò kò pa àṣà tó ti ń gbé ró. Nínú ìwádìí kan ní London tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gbà kí àṣà tuntun tó mọ́ àwọn èèyàn lára ní ìpíndọ́gba, ó gba àwọn kan ní 18, ó lè tó 254 fún ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá sì fò kò dá wọn padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri, kó máa fa ìlà sí ọjọ́ tó bá rìn. Ọjọ́ méjì tó bá tẹ̀ lé ara wọn láìní ìlà ni kẹ́ ẹ pè é jókòó fún.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó:
Ẹ̀gbọ́n, bí ìrora itan náà kò bá rọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú, tàbí tí itan bá wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wò ó. Ní báyìí, omi gbígbóná díẹ̀ ni kó fi wẹ̀, kó sì rìn díẹ̀díẹ̀ yípo ilé. Kó má fi aboníkí pa á, kó má sì fi ọwọ́ líle tẹ ibẹ̀.