Yèyé mi fẹ́ kú sí yàrá wọn ní Ìkẹ́rẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Yèyé mi ti lé ní ọdún 80, jẹjẹrẹ ọmú sì ti ràn débi tí dókítà ní iṣẹ́ abẹ ò lè ran wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú wọ́n pè mí, wọ́n ní: "Má jẹ̀ẹ́ kí n kú sáàárín àjèjì. Gbé mi lọ sí yàrá mi ní Ìkẹ́rẹ́, kí n lè máa wo òkè Olósùnta." Ẹ̀yìn yàrá yẹn ni sàréè bàbá wa wà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní àwọn ará àdúgbò á sọ pé a ò fẹ́ náwó ni. Ìfẹ́ ló ń mú un sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ wọ́ọ̀dù ni bàbá kú sí ní 2016, lóru, wọ́n ti lé gbogbo wa síta. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ wọn mú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìrora ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo mọ̀ pé mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora líle, wà tí aláìsàn lè mu nílé ní wákàtí 4-4, bí dókítà bá kọ ọ́. Ta ló ti tọ́jú òbí báyìí ní Èkìtì? Báwo lẹ ṣe rí nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé? Kí lẹ ṣe nígbà tí èémí ń le lóru? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?