Ìgúnpá tó ń dunni bá a bá ti di nǹkan mú: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Abùlà, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìgúnpá ni mo gbé wá, torí àwa tá a ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun ló ń bá fínra, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ ohun tó ń ṣe wá. Àmàlà ni mò ń tà, èmi fúnra mi ni mo sì ń rò ó. Ẹni tó bá ti ro àmàlà nínú ìkòkò ńlá rí á mọ̀ pé tí èlùbọ́ bá ti mumi tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọwọ́ ò ní dẹ̀ mọ́, wàá di omorogùn mú gírígírí, wàá tẹ kókó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, wàá fà á wá sọ́dọ̀ ara ẹ, wàá tún yí i, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ títí kókó á fi tán, ìkòkò míì á sì ti máa hó lórí iná. Àsìkò Iléyá kan báyìí tí òde pọ̀ ni egungun kékeré tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Tí mo bá fìka tẹ ibẹ̀, màá pariwo. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀ lásán, kò sí nǹkan kan, àmọ́ kí n ṣáà gbé kẹ́tùlù, kí n fún àkísà, kí n yí kọ́kọ́rọ́, tàbí kí ẹnì kan bọ̀ mí lọ́wọ́ lóde, á ta mí dé ọrùn-ọwọ́. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí mo dé ọsibítù, físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ní kí n na apá gbọọrọ, kí n da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, kí n wá máa gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ló ta. Ó ní tennis elbow ni. Mo ní ṣé èmi tí mi ò fọwọ́ kan ráákẹ́ẹ̀tì rí? Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ò gbá tẹ́níìsì rí láyé wọn.

Físíò kan, Ọ̀yọ́
Ẹ kú ìrora mà. Òótọ́ ni físíò yẹn sọ fún yín. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé ọrùn-ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ àmọ́ ìgúnpá ló ń dunni. Ẹ tẹ ọrùn-ọwọ́ yín wálẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́. Kò le, àbí? Àwọn ẹran apá tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè gbọ́dọ̀ mú ọrùn-ọwọ́ dúró kí ìka tó lè di nǹkan mú, orí egungun tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá yẹn ni tendon wọn, ìyẹn okùn tó so ẹran mọ́ egungun, sì ti so. Torí náà gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń di nǹkan mú gírígírí, ibẹ̀ lẹ ń fà. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú tendon, kì í tètè tún ara ẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ọ̀la á ti dé kí ti àná tó san, á wá máa ja fọ́nrán-fọ́nrán bí okùn kànga. Kì í kúkú ṣe wíwú ló wà níbẹ̀ jù tó bá ti pẹ́, gbígbó àti àìsàntán ni. Àwọn tó wà láàárín ẹni ọdún 35 sí 55 ló ń ṣe jù.

Àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì náà ń ní in o, pàápàá tí wọ́n bá ń fẹ̀yìn ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tí ọrùn-ọwọ́ ò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n Runge, dókítà ará Jámánì tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1873, àwọn tó ń kọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ wọn. Sachin Tendulkar tó ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì fún Íńdíà náà ní in lọ́dún 2004.

Télọ̀, Òṣogbo
Ha, ọ̀rọ̀ mi rèé! Tèmi, àlùmọ́gàjí ló fà á. Tí iléèwé bá fẹ́ wọlé lóṣù kẹsàn-án, yúnífọ́ọ̀mù ló máa kún ṣọ́ọ̀bù, èèyàn á ká aṣọ ní ìpele ìpele kó tó gé e, àlùmọ́gàjí tó kú sì rèé, agbára ni wàá fi máa tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sí kílíníìkì kan, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ síbẹ̀ gan-an, ẹ gbà mí gbọ́, ìrora náà lọ pátá, mo padà sídìí iṣẹ́. Ìgbà tó yá ló padà dé, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò lè gbé kọ́ọ̀bù tíì.

Físíò kan, Ọ̀yọ́
Ẹ̀gbọ́n télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ steroid nìyẹn, oògùn tó ń dín wíwú kù. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ dáadáa, ó máa ń dẹ ìrora lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tó bá fi máa pé ọdún kan, àwọn tó gbà á kì í gbádùn tó àwọn tí ò gbà á. Ó ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá ń gún un fáwọn èèyàn láìsọ èyí fún wọn. Ẹ pọ́n àlùmọ́gàjí yẹn o, ẹ má sì ká aṣọ nípọn mọ́.

Ọlọ́kadà, Abẹ́òkúta
Ọ̀gá físíò, èmi náà, ọwọ́ tí mo fi ń fún ọ̀kadà níná ni. Àmọ́ tèmi ń ṣe mí jìnnìjìnnì dé àtàǹpàkò, ó tún máa ń kú tipiri.

Físíò kan, Ọ̀yọ́
Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọrùn yín wò. Kíkú tipiri àti jìnnìjìnnì kì í ṣe àmì tennis elbow, iṣan ìmọ̀lára tó ń bọ̀ láti ọrùn ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá sì ń dunni lápá inú ìgúnpá, lọ́nà ìhà, òmíì nìyẹn náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London
Iṣẹ́ klínà ni mò ń ṣe níbí, fífún mọ́ọ̀bù ló dá tèmi sílẹ̀. Físíò fún mi ní bẹ́líìtì kékeré tí mo máa ń dè sísàlẹ̀ ìgúnpá tí mo bá ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ́ mi ní eré ìdárayá kan: gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ yọ sí etí ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ dojú délẹ̀, di agolo tòmátò mú, fi ọwọ́ kejì gbé e sókè, kí ọwọ́ tó ń dunni wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́jẹ́. Ó tún ní tí mo bá fẹ́ gbé báàgì tàbí ìkòkò, kí n yí àtẹ́lẹwọ́ sókè kí n sì fà á mọ́ra. Èyí tó wúlò jù fún mi nìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ni mo rí ìyàtọ̀. Agolo yẹn ní tiẹ̀ gba sùúrù o, oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́.

Alágàrí, Ìjẹ̀bú
Ẹ kú àlàyé o. Àwẹ́ igbá ni mo fi ń tẹ gàrí mọ́ agbada, ọwọ́ ọ̀tún yìí náà ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ibi tí Ìyá Abùlà ń sọ yẹn gan-an ló ń ta mí. Mi ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀ torí owó iléèwé àwọn ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Físíò kan, Ọ̀yọ́
Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ mà, ẹ dín in kù ni. Ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, kí ẹlòmíì sì máa gbà á fún yín. Ẹ wá nǹkan tó ní ọwọ́ gígùn tó nípọn díẹ̀, torí bí ohun tẹ́ ẹ dì mú bá ṣe tín-ín-rín tó lẹ ṣe máa fún un mọ́wọ́ tó. Tó bá ń ta yín díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Tó bá ṣì ń ta yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti ṣe jù, ẹ dín in kù sí i. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ti agolo tòmátò yẹn lálẹ́ òní.