Èsì: DakshinaChitra kì í ṣe "abúlé àjogúnbá"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ka ìròyìn ìrìn àjò tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Chennai, lápá gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe lọ wo DakshinaChitra, ibi tí wọ́n kó àwọn ilé àtijọ́ jọ sí létí òkun, àti bí wọ́n ṣe gba ibẹ̀ kọjá sí àwọn ilé òrìṣà ní Mahabalipuram, Thanjavur àti Madurai. Ìròyìn náà dùn, ó sì kún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ṣẹ̀dá sínú rẹ̀ kò bá mi lára mu rárá: "abúlé àjogúnbá" fún DakshinaChitra, àti "ilé ìṣọ́" fún gopuram, ìyẹn ilé gogoro tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé òrìṣà wọn. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ wọ́n sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.

Orí "bá" ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. À-jogún-bá. Ohun tí a jogún, tí a sì dé bá. "Bá" yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi dí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Òun ló wà nínú "mo bá a nílé", òun ló wà nínú "àbáláyé". Ohun tó ti wà ní ìdúró kí ọmọ tó la ojú ni. Ilé tí baba kọ́ tí ọmọ dàgbà bá, àjogúnbá nìyẹn. Oyè ìdílé, àjogúnbá ni. Kí wá ni ẹnikẹ́ni bá ní Muttukadu, níbi tí DakshinaChitra wà? Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn tó ti ibẹ̀ hù. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Madras Craft Foundation, tí Deborah Thiagarajan dá sílẹ̀, ló ń wá wọn kiri àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Íńdíà: Tamil Nadu, Kerala, Karnataka àti Andhra Pradesh. Ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó dànù ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á tú u palẹ̀, òpó lọ́tọ̀, pákó lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, wọ́n á kó o dé Muttukadu, wọ́n á sì tò ó padà bó ṣe wà. Laurie Baker, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di ọmọ Íńdíà, ló fún ọgbà náà ní ìrísí rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Ilé 18 ló wà níbẹ̀ lórí ilẹ̀ éékà 10.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó jogún ilé wọ̀nyẹn ló jọ̀wọ́ wọn. Àwọn tí kò jogún wọn ló gbà wọ́n là. Ẹ wo ilé oníṣòwò tí wọ́n gbé wá láti Chettinad, agbègbè kan ní Tamil Nadu. Àwọn Chettiar, àwọn oníṣòwò ibẹ̀, ló ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣòwò dé Burma àti Malaya, wọ́n fi igi tíìkì Burma ṣe òpó, wọ́n sì kọ́ ilé tó lè gba gbogbo ẹbí. Nígbà tó yá, ẹbí fọ́n ká, àwọn tó ní ìpín nínú ilé kan pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lọ. Ní Karaikudi, ìlú kan ní Chettinad, lónìí, ọjà wà tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn, òpó àti àwo ilé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá lówó. Ẹni tó bá pe èyí tó yè bọ́ nínú wọn ní "àjogúnbá" ti fi ọ̀rọ̀ bo ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ogún tí arógún kọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba "bá" níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kan ti fèsì pé "àjogúnbá" ti wọ ìwé ìròyìn, ó ti wọ orí rédíò, kò sẹ́ni tó lè lé e jáde mọ́. Mi ò lé e jáde. Kó dúró níbi tó ti bá nǹkan.

"Abúlé" ńkọ́? Abúlé tí èmi mọ̀ ní oko, ó sì ní ìlú tó tẹ̀ lé. Àwọn ará abúlé ń wọ ìlú nígbà ọdún, nígbà òkú, nígbà oyè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ti DakshinaChitra. Abúlé wo ni wọ́n ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Síwájú sí i, ẹ wo àwọn tó fara kan ara wọn níbẹ̀: ilé onígbàgbọ́ láti Kerala, ilé Mùsùlùmí láti Chikmagalur, ilé ahunṣọ láti Ilkal, ilé àwọn Brahmin, ìran àwọn àlùfáà Híńdù, láti àdúgbò tí wọ́n ń pè ní agraharam, ilé amọ̀kòkò. Àwọn wọ̀nyí kò gbé abúlé kan náà rí. Èdè wọn kò pa pọ̀, ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín wọn.

Ohun tí mo mú wá ni "ọgbà ilé àtútò". A ti ní ọgbà ẹranko, tó jẹ́ pé ẹranko láti ibi púpọ̀ ni wọ́n kó sínú odi kan kí èèyàn lè wá wò ó, nítorí náà ọgbà kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. À-tú-tò: èyí tí a tú tí a sì tò. Ẹ fi àmì sí i o! Tú, ohùn òkè, bíi ká tú ẹrù. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á sí "tu", ohùn àárín, ó ti di ká fa nǹkan tu látinú ilẹ̀, a ò sì fa ilé kankan tu. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti "n" bọ̀ ọ́ láàárín kó di "àtúntò". Àwọn olóṣèlú ti gba ìyẹn, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé kí á pín agbára ìjọba ní ọ̀nà mìíràn. Mo ti rí i pé ẹnì kan kọ "àtúntò" nínú èsì rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Kí n tó kúrò nínú ọgbà náà: ẹ̀gbọ́n kọ "bẹ́ńṣì alámọ̀" fún ìjókòó tí wọ́n mọ ga sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Támílì, tí wọ́n ń pè ní thinnai, tí arìnrìn-àjò lè jókòó lé tàbí sùn lé láìwọlé. Pèpéle nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Pèpéle! Àwọn bàbá wa jókòó lórí rẹ̀ ta ayò, wọ́n gba àlejò lórí rẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ gbalaja, a tún lọ ń yá bẹ́ńṣì.

Ó kan gopuram. "Ilé ìṣọ́" jẹ́ ibi tí olùṣọ́ ń dúró sí láti wo ọ̀tá. Kò sí olùṣọ́ nínú gopuram. Ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀gbọ́n lo "ilé ìṣọ́" kan náà fún vimana, tí í ṣe gogoro tó bo yàrá inú lọ́hùn-ún, níbi tí òrìṣà gan-an wà. Ẹni tó bá ka ìròyìn wọn kò lè mọ èwo ni wọ́n ń wò. Ní Thanjavur, vimana ilé Brihadisvara, tí iṣẹ́ parí lórí rẹ̀ ní 1010 láyé ọba Rajaraja, ga ju mítà 60 lọ, àwọn gopuram rẹ̀ kò sì tó o. Ọ̀dọ̀ òrìṣà ni gíga wà. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ọba tó jẹ tẹ̀ lé wọn kò jẹ́ wó yàrá inú, torí ibi mímọ́ ni. Odi tuntun ni wọ́n ń mọ yí odi àtijọ́ ká, ẹnu ọ̀nà tuntun a sì ga ju ti inú lọ. Ní Srirangam, ilé òrìṣà mìíràn ní Tamil Nadu, odi 7 ló yí òrìṣà ká, gopuram tó wà ní ìta pátápátá sì tó nǹkan bíi mítà 73, ọdún 1987 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀. Ní Madurai, gopuram 14 ló wà, ti ìhà gúúsù ló ga jù. Nítorí náà, bí o bá ṣe ń wọlé lọ sọ́dọ̀ òrìṣà ní Srirangam, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń rẹlẹ̀ sí i, tí ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gopuram àti vimana yóò pa gbogbo èyí rẹ́.

Mo fara mọ́ "kọ̀bì" fún gopuram. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí kọ̀bì jẹ́ ní ààfin: iwájú ilé tí wọ́n gbé yọ, tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè ní in, àfi ọba. Orúkọ tí àwọn Támílì fúnra wọn ń pe ilé òrìṣà ni koyil. Ko ni ọba, il ni ilé. Ilé ọba! Tí ibùgbé òrìṣà bá jẹ́ ilé ọba lójú wọn, kí ló burú kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ kọ̀bì? Fún vimana, "gogoro ojúbọ" ti tó.

Àbúrò wa tó ń gbé Houston ti gbá "il" yẹn mú, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "ilé", pé àwa àti Támílì ti ibì kan ṣí wá. Rárá. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ara wọn láìbá ara wọn tan. Kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀, kó kó ogún tàbí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ jọ, kó fi hàn wá bí ìró kan ṣe ń di òmíràn nínú gbogbo wọn láìyẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí èdè Íjíbítì lọ́jọ́sí, a ò tíì bọ́ nínú ìyẹn.

Àwọn kan tún ní kí á sọ "tẹ́ḿpìlì", kí á yé lo "ilé òrìṣà", torí òrìṣà kì í ṣe ti Íńdíà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Madurai. Wọ́n ń fi omi àti wàrà wẹ ère, wọ́n ń wọ aṣọ fún un, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Tó bá di alẹ́, wọ́n á gbé Sundareswarar, tí í ṣe Shiva, lọ sí yàrá Meenakshi ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé òrìṣà ni? Tẹ́ḿpìlì, ti Sólómọ́nì ni nínú Bíbélì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Àtúnṣe kan tún kù. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n "kọ́" àwọn Ratha márùn-ún, àwọn ilé olókùúta tí a fi orúkọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin pè, tó wà ní Mahabalipuram. Wọn ò kọ́ wọn. Wọ́n gbẹ́ wọn ni, látinú àpáta tó ti wà níbẹ̀, ní ọ̀rúndún keje, láyé àwọn ọba Pallava. Kò sí òkúta tí wọ́n tò lé òkúta. Ilé òrìṣà etí òkun tó wà nítòsí ni wọ́n tò lókùúta lórí òkúta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ. Kọ́ àti gbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe bíríkìlà.

Olùkọ́ àgbà tó kọ́ wa ní gírámà kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe. Wọ́n gbọ́ àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò sí bó o ṣe lè dá a lóhùn, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n rí ọkọ̀ tó ń sáré lórí irin, wọ́n pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀gbọ́n wa fojú rí DakshinaChitra, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ìròyìn wọn sì fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé wọ́n tú àwọn ilé náà wá ni. "Heritage" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fa "àjogúnbá" wá sẹ́nu wọn.

"Ọgbà ilé àtútò" ni mo dúró lé. Lórí "kọ̀bì", mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ kí á tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ fèsì, kó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó bá mú wá.